Load Cell Wo Ló Yẹ Òṣùwọ̀n Ilé Iṣẹ́ ní Ìkòròdú? Àyẹ̀wò Oríṣi Mẹ́rin tí A Ti Lò

Ẹni tó bá fẹ́ ra load cell, ìyẹn irin tó ń gba ẹrù lábẹ́ òṣùwọ̀n tó sì ń sọ ìwọ̀n rẹ̀ di iná, fún òṣùwọ̀n ilé iṣẹ́ ní Ìkòròdú sábà máa ń bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè méjì péré: tọ́ọ̀nù mélòó ló lè gbé, èló sì ni. Ìbéèrè méjèèjì ló dára, ṣùgbọ́n nínú àwọn load cell tó ti kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹja tí mo ti ń bójú tó òṣùwọ̀n ní Odóńgúnyán, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹrù pa. Omi ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìjókòó burúkú lábẹ́ pèpéle, eku àti wẹ́dà ló pín ìyókù láàárín ara wọn. Nítorí náà ni àyẹ̀wò yìí ṣe máa gbé èdìdì tó ń dá omi dúró àti ìjókòó ṣáájú agbára. Oríṣi mẹ́rin ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa: shear beam onírin líle tí wọ́n fi nickel bò, shear beam oní-stainless tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì pa, single point alálùmíníọ̀mù, àti S-type, èyí tó rí bí lẹ́tà S, tí a fi gbé àgbá ìpo-oúnjẹ kọ́.

Inú load cell kò ní ju irin àti wáyà lọ. Wọ́n gbẹ́ irin náà lọ́nà tí yóò fi tẹ̀ níwọ̀nba tí ojú kò lè rí nígbà tí ẹrù bá gùn ún, wọ́n á sì lẹ strain gauge, ìyẹn wáyà tín-ín-rín pẹlẹbẹ kan, mọ́ ibi tí ó ti ń tẹ̀. Bí irin bá fà, wáyà á fà, ìdíwọ́ tí wáyà ń ṣe fún iná á sì pọ̀ sí i. Bí irin bá fún pọ̀, ìdíwọ́ á dínkù. Ní ọdún 1938 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Edward Simmons ní California àti Arthur Ruge ní Massachusetts, ṣe irú strain gauge tí a ń lẹ̀ yìí, oníkálukú lọ́tọ̀, ìlànà tí ó fi ń ṣiṣẹ́ kò sì tíì yí padà láti ìgbà náà. Mẹ́rin nínú rẹ̀ ni wọ́n ń so pọ̀ di ohun tí àwọn oníná ń pè ní Wheatstone bridge. Ohun tó yẹ kí oníbàárà fi sọ́kàn nínú gbogbo èyí ni bí iná tó ń jáde láti inú rẹ̀ ṣe kéré tó. Load cell tí wọ́n kọ 2 mV/V sí lára, ìyẹn millivolt méjì fún volt kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, tí indicator, ẹ̀rọ tó ń kọ nọ́ńbà sójú òṣùwọ̀n, bá fún un ní volt 5, millivolt 10 péré ló máa mú jáde nígbà tí ẹrù rẹ̀ bá pé. Millivolt 10 yìí ni indicator máa wá pín sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà kí ó tó lè kọ kìlógíráàmù sójú. Bí ọ̀rinrin tí kò tó ẹ̀kán omi bá wọ ibi tí gauge wà, iná á rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà, nọ́ńbà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú òṣùwọ̀n nígbà tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀.

Ìkòròdú kì í sì í ṣe ibi gbígbẹ. Ọ̀sà wà ní gúúsù wa láti Ìpakodò lọ dé Báyékù àti Ìjẹ̀dẹ̀, òjò a máa rọ̀ kíkankíkan ní oṣù kẹfà, á dáwọ́ dúró díẹ̀, á sì tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹja tún ní ti ara rẹ̀ lọ́tọ̀: ìyẹ̀fun sóyà, ti àgbàdo àti ti ẹja gbígbẹ a máa kóra jọ sábẹ́ pèpéle, á fa ọ̀rinrin mọ́ra, á kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Àwọn tó ń fọ pákí àti àwọn tó ń fi yìnyín di ẹja tútù ní Èbúté wà nínú ewu jù wá lọ, nítorí pé omi kì í kúrò lórí òṣùwọ̀n tiwọn.

Shear beam onírin líle tí wọ́n fi nickel bò ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí òun ni mo ti rí jù lábẹ́ pèpéle ní àdúgbò wa. Ọ̀pá irin kúkúrú kan ni, ihò bólútì méjì wà ní apá kan tí a fi ń dè é mọ́ abẹ́ pèpéle, ihò kan sì wà ní apá kejì fún ẹsẹ̀ tó máa dúró lórí ilẹ̀. Irú rẹ̀ ni H8C tí ilé iṣẹ́ Zemic ń ṣe àti SQB tí ilé iṣẹ́ Keli ń ṣe, ilẹ̀ Ṣáínà ni méjèèjì ti wá. Èrò mi ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ju owó rẹ̀ lọ níbi tí ilẹ̀ bá ti gbẹ. Lábẹ́ òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àpò àgbàdo nínú ilé ìkẹ́rù, níbi tí òrùlé ti dára tí ẹnikẹ́ni kì í da omi sí, kò fún wa ní wàhálà kankan: bí ẹrù bá kúrò, ó ń padà sí òdo, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń sọ ohun kan náà.

Irú kan náà tí a gbé sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń kẹ́rù, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ òjò wọlé, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà á máa rìn láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán tí oòrùn mú, á dúró jẹ́ẹ́, gbogbo ènìyàn á sì rò pé ara rẹ̀ ti yá. Oníṣẹ́ òṣùwọ̀n tí a pè wò ó, ó ní: “Ọ̀gá, ó ti mu omi. Bí oòrùn bá yọ, á máa ṣe bí ẹni tó sàn, ẹ má gbà á gbọ́.” Òótọ́ ló sọ, nítorí pé kí òjò tó parí, kò dúró mọ́, àárọ̀ tàbí ọ̀sán.

Wọ́n kọ IP67 sí ara rẹ̀, kì í sì í ṣe irọ́. Nọ́ńbà 6 ń sọ pé eruku kò lè wọ̀ ọ́, nọ́ńbà 7 sì ń sọ pé bí wọ́n bá rì í sínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, omi tó lè ṣe é léṣe kò ní wọlé. Ṣùgbọ́n omi lásán ni wọ́n fi ń dán an wò. Kì í ṣe omi iyọ̀, kì í sì í ṣe oje oúnjẹ ẹja tó ti kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò sì jọ gbogbo ìgbà òjò. Rọ́bà ni wọ́n dà bo gauge nínú irú load cell yìí. Rọ́bà a máa dá omi tó tú lé e dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin a máa gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, a sì tún máa gba ẹnu ibi tí wáyà ti wọlé.

Èyí ló mú kí n fọwọ́ sí shear beam oní-stainless tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì pa fún ibikíbi tí omi tàbí òjò bá lè dé. Irin tí wọ́n ń pè ní 17-4PH ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, kì í dógùn-ún bọ̀rọ̀, wọ́n sì fi irin fẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ihò tí gauge wà, wọ́n wá wẹ́ẹ̀dì etí rẹ̀ yí ká tó fi jẹ́ pé kò sí rọ́bà tàbí gúlúù tí omi lè gbà kọjá. IP68 ni wọ́n máa ń kọ sí irú rẹ̀, a sì rí èyí tí wọ́n kọ IP69K sí, ìyẹn èyí tó lè fara da omi gbígbóná tí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n pẹ̀lú agbára. A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní ẹnu ọ̀nà ìkẹ́rù sí i, nọ́ńbà kò sì rìn mọ́ nígbà òjò.

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo stainless ni wọ́n wẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan wà tí ara wọn jẹ́ stainless tó ń dán, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé rọ́bà kan náà ló wà lójú gauge. Ara wọn kò ní dógùn-ún, ṣùgbọ́n inú wọn á mu omi bí ti àwọn yòókù, owó stainless sì ni ẹni tó rà á san. Kí ènìyàn yí i wò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó tó sanwó: bí ó bá jẹ́ irin ló bo ihò náà, tí ipa wẹ́ẹ̀dì tín-ín-rín sì hàn yí i ká, òun gan-an nìyẹn; bí ìka bá rí ohun tó rọ̀ tẹ̀, rọ́bà ni.

Owó rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì ti onínickel, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ á fa ojú ro tí wọ́n bá gbọ́. Ṣùgbọ́n iye owó load cell kọ́ ni gbogbo ìnáwó. Bí ó bá bàjẹ́, owó iṣẹ́ wà, owó tí a fi ń háyà irin ìwọ̀n wà, iṣẹ́ tó dúró sì wà. Èyí tí a kì í kà ni ohun tó ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó fura: bí òṣùwọ̀n ìdìpọ̀ bá ń mú kí a fi gíráàmù 100 kún àpò oúnjẹ ẹja kìlógíráàmù 15 kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún kan àpò ti kó kìlógíráàmù 100 lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ń dín in kù ni, oníbàárà ni à ń jà lólè.

Nípa agbára, ẹ jẹ́ kí a mú òṣùwọ̀n pèpéle tọ́ọ̀nù méjì. Bí pèpéle fúnra rẹ̀ bá wúwo tó kìlógíráàmù 180, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,180; bí a bá pín in sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 545. Ẹnìkan lè wò ó pé load cell kìlógíráàmù 600 ti tó. Kò tó, nítorí pé ẹrù kì í pín dọ́gba. Nígbà tí forklift bá sọ ẹrù kalẹ̀ sí igun kan, igun yẹn nìkan ló máa gba èyí tó pọ̀ jù, ìjálulẹ̀ ẹrù náà a sì máa wúwo ju ẹrù fúnra rẹ̀ lọ. Tọ́ọ̀nù kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a lò. Ọ̀pọ̀ load cell ni ìwé rẹ̀ sọ pé ó lè fara da ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n ààyè ìjàǹbá nìyẹn, kì í ṣe ààyè iṣẹ́.

Àwọn kan á wá ní kí a kúkú ra tọ́ọ̀nù márùn-ún márùn-ún kí ọkàn wa lè balẹ̀. Níbí ni ìṣirò millivolt ti wúlò. Bí ó bá jẹ́ tọ́ọ̀nù kan lọ́nà mẹ́rin, tọ́ọ̀nù mẹ́rin ló ń mú millivolt 10 jáde, tọ́ọ̀nù méjì wa á sì mú 5 jáde. Bí òṣùwọ̀n náà bá ń ka kìlógíráàmù kan kan, ìpele 2,000 ni, ìpele kọ̀ọ̀kan á sì ní microvolt 2.5 (ẹgbẹ̀rún kan microvolt ló wà nínú millivolt kan). Bí ó bá jẹ́ tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ́nà mẹ́rin, tọ́ọ̀nù méjì kan náà á mú millivolt kan péré jáde, ìpele kọ̀ọ̀kan á sì ku ìdajì microvolt. Níbi tí mọ́tò ẹ̀rọ ìlọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ti ń da iná rú, ìdajì microvolt kéré jù fún ohun tí a fẹ́ gbára lé. Load cell tó tóbi jù a máa pẹ́, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ òótọ́ nípa ẹrù kékeré.

Ti ìpele ìpéye kò le tó bí àwọn oníṣòwò ṣe ń sọ ọ́. OIML, àjọ àgbáyé fún òfin òṣùwọ̀n tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Paris, ló ṣe ìlànà R 60 fún load cell, C3 tí a ń rí lára rẹ̀ sì ń sọ pé ó lè bá òṣùwọ̀n onípele 3,000 ṣiṣẹ́. Òṣùwọ̀n tí mo ṣírò rẹ̀ lókè yìí, ìpele 2,000 ló ní, nítorí náà C3 ti tó o, ẹni tó bá sì ń ta C6, tó péye ju bẹ́ẹ̀ lọ, fún yín fún wíwọn àpò àgbàdo, owó yín ló ń wò. Ohun tí mo máa ń wá nínú ìwé rẹ̀ dípò ìyẹn ni ìwọ̀n ìgbóná tí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ fún. Láti −10 dé 40 lórí ìwọ̀n Celsius ni ó wọ́pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ Ìkòròdú kì í sábà kọjá 40, ṣùgbọ́n pèpéle irin tí oòrùn ọ̀sán ń pa ní gbangba lè kọjá rẹ̀ dáadáa, nítorí náà òrùlé lórí òṣùwọ̀n wà fún oòrùn bí ó ti wà fún òjò.

Nísinsìnyí ó kan ìjókòó, níbi tí load cell tó dára jù lọ ti lè di aláìwúlò láàárín ọjọ́ kan. Ọfà wà lára shear beam tó ń fi ibi tí agbára gbọ́dọ̀ kọ sí hàn. Bí wọ́n bá dè é ní ìdàkejì, nọ́ńbà á máa lọ sísàlẹ̀ bí ẹrù ṣe ń pọ̀. Abẹ́ ibi tí wọ́n dè é mọ́ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, láìsí ọ̀dà àti èérún wẹ́ẹ̀dì, bólútì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó tó le, kí wọ́n sì dì í dé ibi tí ìwé sọ. Ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo tún fẹ́ kí ènìyàn wò dáadáa: èyí tó lè yí díẹ̀, tí orí rẹ̀ rí roboto, dára ju èyí tó dúró gan-an lọ, nítorí pé tí pèpéle bá gbóná tó sì gùn sí i, tàbí tí forklift bá tì í láti ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tẹ̀lé e. Load cell mọ bí a ṣe ń wọn ẹrù tó wá láti òkè. Èyí tó ń tì í láti ẹ̀gbẹ́, àṣìṣe ló ń kà á sí, ó sì lè pa á.

Ilẹ̀ pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Sìmẹ́ńtì tó rì ní igun kan á mú kí ẹsẹ̀ mẹ́ta péré gbé gbogbo ẹrù, ìkẹrin á sì dúró lófuurufú. Èyí ni a rí lábẹ́ òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ti pààrọ̀ load cell rẹ̀ léraléra láìsí ìyípadà, nígbà tí a fi irin pẹlẹbẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀: kí a kó àpò àgbàdo tó tó ìdámẹ́ta agbára òṣùwọ̀n jọ, kí a gbé e sí igun kìíní, kí a kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kí a sì gbé àwọn àpò kan náà lọ sí igun kejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Kò di ìgbà tí a bá mọ ìwọ̀n àpò náà gan-an. Ohun tí à ń wá ni kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà fún ara wọn. Àpótí ìsopọ̀ tí wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé ní ibi tí a ti lè yí ìyàtọ̀ kékeré dọ́gba, ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ilẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ ni kí a lọ wò, kí a má fi ìyídọ́gba bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀.

Ti wáyà ló wá kàn. Àwọ̀ wáyà kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Nínú load cell HBM ti ìlú Darmstadt ní Jámánì, wáyà búlúù àti dúdú ló ń gbé iná wọlé, funfun àti pupa ló sì ń gbé èsì jáde. Nínú ti ọ̀pọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, pupa àti dúdú ló ń gbé iná wọlé, àwọ̀ ewé àti funfun ló ń gbé èsì jáde. Ẹni tó bá fi ojú àwọ̀ nìkan so ó, á fi pupa sí ibi tí kò yẹ. Ìwé tó bá load cell wá ni kí a tẹ̀lé, ìwé yẹn kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi di ẹ̀kúrọ́. Wáyà load cell onílà mẹ́rin kò ṣe é gé láti dín gígùn rẹ̀ kù, torí pé wọ́n ti ka wáyà náà mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀. Bí ó bá gùn jù, kí a ká a sínú àpótí. Onílà mẹ́fà nìkan ló ṣe é gé, nítorí pé ìlà méjì tó lé níbẹ̀ ń jẹ́ kí indicator mọ iye iná tó dé ọ̀dọ̀ load cell gan-an.

Eku fẹ́ràn ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹja jù bí ẹja ṣe fẹ́ràn oúnjẹ náà lọ, wọ́n sì máa ń jẹ wáyà. Páìpù irin tàbí họ́òsì onístainless ni kí wáyà gbà kọjá, páìpù rọ́bà kò dí wọn lọ́wọ́. Ti wẹ́dà burú ju ti eku lọ: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wẹ́ẹ̀dì lára pèpéle, kí wọ́n yọ load cell kúrò tàbí kí wọ́n so wáyà ilẹ̀ (earth) ẹ̀rọ wẹ́ẹ̀dì mọ́ ibi tí wọ́n ń jó gan-an, nítorí pé iná rẹ̀ á wá ọ̀nà tó kúrú jù lọ sí ilẹ̀, load cell sì sábà máa ń wà ní ojú ọ̀nà yẹn. Ààrá ń ṣe irú nǹkan kan náà. Okùn bàbà tó nípọn tí a so láti pèpéle kọjá load cell lọ sí ilẹ̀ a máa fún iná náà ní ọ̀nà míràn.

Nípa single point alálùmíníọ̀mù, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Òun kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo àwo òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń di àpò, ó yá, ó sì péye, ìwé rẹ̀ sì máa ń sọ bí àwo ṣe lè tóbi tó kí igun má baà parọ́. Kò fẹ́ omi, kò sì fẹ́ kí ènìyàn gun òun. Kí bólútì ìdádúró wà lábẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ọmọ iṣẹ́ tó bá jókòó lé e má baà ṣẹ́ ẹ. S-type tó gbé àgbá ìpo-oúnjẹ wa kọ́ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kìkì pé ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú oríkèé tó ń yí ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí páìpù tó wọ inú àgbá sì jẹ́ rọ́bà rírọ̀, nítorí pé páìpù líle a máa bá a gbé lára ẹrù.

Àwọn tó ń ta iyanrìn àti àwọn tó ń ra àjákù irin, àti gbogbo ibi tí ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé bíi ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀tà tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, òṣùwọ̀n ọkọ̀ ni wọ́n nílò, n kò sì ní ṣe bí ẹni tó ti lò ó. Load cell tó rí bí àgbá kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sábẹ́ rẹ̀, tàbí ọ̀pá tí wọ́n dè ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gbé tọ́ọ̀nù 20 tàbí 30 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà níbẹ̀ ni pé bí òṣùwọ̀n náà bá wà nínú kòtò, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tí omi òjò máa gbà jáde kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ nípa load cell.

Níbi tí a ti ń rà á, kí ẹ mú ẹ̀rọ tí àwọn oníná fi ń wọn ohm dání, ẹni tó ń ta ojúlówó kò ní bínú. Láàárín wáyà èsì méjèèjì, ọ̀pọ̀ load cell máa ń ka nǹkan bí ohm 350. Láàárín wáyà iná méjèèjì, á jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, bíi 380 sí 420. Láàárín wáyà èyíkéyìí àti ara irin, kò yẹ kí ó ka ohunkóhun rárá. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára irin wé èyí tó wà lórí ìwé rẹ̀, nítorí pé bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn rọrùn láti tẹ̀. Ẹ má sì gba 2 mV/V pọ̀ mọ́ 3 mV/V lábẹ́ pèpéle kan náà, bí agbára wọn tilẹ̀ dọ́gba, igun kò ní dọ́gba láéláé.

Lẹ́yìn pípààrọ̀, irin ìwọ̀n tí wọ́n ti fọwọ́ sí ni kí wọ́n fi tún òṣùwọ̀n tò, kì í ṣe àpò sìmẹ́ńtì tí a gbà gbọ́ pé ó jẹ́ 50. Òfin ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1974, ẹ̀ka tó ń rí sí i lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ìdókòwò ló sì ń fi èdìdì sí òṣùwọ̀n tí a fi ń tà fún aráàlú. Bí wọ́n bá tú èdìdì yẹn láti pààrọ̀ load cell, kí wọ́n pè wọ́n wá tún un fi sí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ìdáhùn kúkúrú lọ́wọ́ mi: onínickel fún ilé ìkẹ́rù gbígbẹ, stainless tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì pa fún ibikíbi tí omi bá ti lè dé, C3 fún méjèèjì. Tí ẹ bá sì ń ra mẹ́rin, ẹ ra ìkarùn-ún pọ̀ mọ́ wọn lọ́jọ́ kan náà, kí agbára àti mV/V rẹ̀ bá tiwọn mu, kí ẹ sì fi ìwé márààrún wọn sínú fáìlì ní ọ́fíìsì, níbi tí eku kò lè dé.